Yàrá Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìbàlẹ̀ Ọkàn

Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, Ẹlẹ́yẹlé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń gbé, nínú àwọn ilé tí ó ti jẹ́ ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun rí. Lẹ́yìn náà ni a kọ́ ilé tuntun fún wọn sí ibi tí yunifásítì náà wà títí di òní. Tọkọtaya ará Ìlú Ọba kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, ni ó ya àwòrán wọn. Wọn kò fi ooru ilẹ̀ yìí ṣeré rárá. Yàrá kan péré ni wọ́n fi sí ìbú ilé, kí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú wọlé kí ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Wọ́n sì dá ihò sára àwọn ògiri kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láìjẹ́ pé oòrùn ń jó ẹni tí ó wà nínú ilé.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹwà lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ooru àti ariwo kò jẹ́ kí ó sùn lóru kò lè ní ìbàlẹ̀ ọkàn ní ọ̀sán. Bí èyí bá di ojoojúmọ́, ohun tí ó kà lánàá yóò fò lọ lórí rẹ̀. Yóò máa kanra. Àwàdà lásán yóò dà bí èébú létí rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ mọ̀ pé àìsùn tó a máa sún ènìyàn sínú ìrẹ̀wẹ̀sì, ìrẹ̀wẹ̀sì náà a sì tún máa lé oorun lọ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i, yàrá kò sì fẹ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Nàìjíríà, yàrá tí ó yẹ ènìyàn méjì ni ènìyàn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé, láìka ẹni tí kò rí àyè gbà, tí ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pín ibùsùn.

Àwọn àgbà lè béèrè pé: ṣé kì í ṣe orí ẹní kan náà ni ọmọ márùn-ún ti ń sùn nínú agbo ilé láyé àtijọ́, tí ọkàn wọn sì balẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbo ilé ní baálé. Bí ìyá àgbà bá ní kí a pa fìtílà, ó parí nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ mọ yàrá ẹni tí òun yóò sá lọ. Nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí kò mọra rí ni a kó pọ̀: ọ̀kan ń kàwé di ọ̀gànjọ́, èkejì ń jí gbàdúrà ní ìdájí, ẹ̀kẹta kò lè sùn bí orin kò bá dún. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ àgbà fún ẹnì kejì. Nítorí náà, kì í ṣe iye orí nìkan ni ó ń dá ọkàn lágara, bí kò ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àṣẹ lórí ìmọ́lẹ̀, ariwo àti oorun ara rẹ̀. Níbi tí àwọn tí ń gbé pọ̀ bá ti jókòó ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, tí wọ́n fẹnu kò sí àkókò tí a ó máa pa iná, yàrá kò fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ara a máa tù wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé yàrá àdágbé ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó ń dá gbé lè ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú ìbànújẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni tó kan ìlẹ̀kùn. Nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin, bí ó ti wù kí ó há tó, ẹni tí ó wà lórí ibùsùn kejì ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọ̀rẹ́ òun kò jẹun láti ìjẹta.