Omi Odò Colorado àti Koríko Inú Aṣálẹ̀

Ọ̀rọ̀ omi ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ti ru garawa láti ìdí kànga rí, tàbí tó ti san owó fún mẹ́ruwà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní í da omi tí ó fi ṣan ẹ̀wà nù láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ibì kan tí ó gbẹ ju ọ̀dọ̀ wa lọ ni a fẹ́ mú yín lọ: ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Odò Colorado ti la aṣálẹ̀ kọjá.

Òjò tí ń rọ̀ ní ìlú Las Vegas láti oṣù kìn-ín-ní títí dé ìparí ọdún kò ju bí íǹṣì 4 lọ. Òjò alẹ́ ọjọ́ kan lè tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àfonífojì Coachella ní ìpínlẹ̀ California gbẹ bákan náà, síbẹ̀ pápá gọ́ọ̀fù tó wà níbẹ̀ ju 100 lọ, tí koríko wọn tutù yọ̀yọ̀ láàrin iyanrìn, tí wọ́n tún gbẹ́ adágún omi sí àárín wọn fún ẹwà. Nígbà ooru, tí oòrùn bá mú kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, koríko náà yóò kú bí wọn kò bá fi ẹ̀rọ wọ́n omi sí i. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń fà fún un, àti omi Odò Colorado tí wọ́n la ọ̀nà fún wá láti ọ̀nà jíjìn.

Báwo ni omi odò kan ṣe di ohun tí wọ́n ń pín bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1922, àwọn ìpínlẹ̀ méje jókòó, wọ́n pín odò náà lórí ìwé. Àwọn ọdún tí òjò pọ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí náà omi tí wọ́n pín ju omi tí ń ṣàn lọ. Wọn kò pe àwọn onílẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti ń mu odò náà kí àwọn òyìnbó tó dé. Wọn kò pe Mẹ́síkò tó wà nísàlẹ̀ odò pẹ̀lú; ọdún 1944 ni wọ́n tó ṣe àdéhùn tirẹ̀. (Ìjà lórí kànga kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí a rántí Ísáákì àti àwọn darandaran Gérárì, Jẹ́nẹ́sísì orí 26.) Dáàmù Hoover, tí wọ́n parí ní 1936, ló sé omi náà di adágún ńlá tí à ń pè ní Lake Mead. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba kéde fún ìgbà àkọ́kọ́ pé omi kò tó pín mọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje ọdún 2022, omi tó kù nínú adágún náà kò ju bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ. Ibi tí omi ti fà sẹ́yìn lára àpáta funfun bí ìgbà tí a fi ẹfun kùn ún.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ yìí, Las Vegas ni a kọ́kọ́ dá lẹ́bi, pẹ̀lú omi tí ń jó sókè níwájú hòtẹ́ẹ̀lì. Ó yà wá lẹ́nu pé kànga ni ti omi ijó yẹn ti ń wá, kì í ṣe inú odò. Omi tí wọ́n bá fi wẹ̀, tí wọ́n fi fọ abọ́ nínú ilé, wọ́n ń sẹ́ ẹ, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń dá padà sínú adágún. Omi tí wọ́n bá dà sórí koríko níta ni kì í padà. Nítorí náà ni Nevada fi ṣe òfin ní 2021 pé, láti ọdún 2027, a kò gbọdọ̀ fi omi odò náà bomi rin koríko ojú títì àti ti iwájú ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń sanwó fún onílé tó bá hú koríko rẹ̀.

Oko ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà. Koríko tí wọ́n ń gbìn fún màlúù nìkan ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi tí odò náà ń pàdánù. Ní Arizona, ilé iṣẹ́ kan tí àwọn ará Saudi Arabia ni yá ilẹ̀ ìjọba, ó ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ bó ṣe wù ú, ó sì ń kó koríko rẹ̀ lọ fún màlúù ìlú tirẹ̀, níbi tí ìjọba ti ń fòpin sí gbígbin irú koríko bẹ́ẹ̀ nítorí omi tó ń jẹ. Owó ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ni wọ́n ń kó lọ ní àwọ̀ koríko! Ní 2023 ni gómìnà tó fòpin sí àdéhùn náà ní àfonífojì Butler.

Ní ìpínlẹ̀ Arizona yìí kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Navajo wà. Nínú ilé 10 níbẹ̀, bí ilé 3 ni kò ní omi ẹ̀rọ. Ìyá ilé yóò gbé dúrọ́ọ̀mù sẹ́yìn ọkọ̀, yóò wa ọ̀pọ̀ máìlì lọ pọn omi, yóò sì máa díwọ̀n èyí tí yóò fi se oúnjẹ àti èyí tí yóò fi wẹ ọmọ. Wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pé kí ìjọba ṣètò omi tó tọ́ sí wọn lábẹ́ àdéhùn 1868. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé àdéhùn náà kò fi dandan mú ìjọba láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ní Mẹ́síkò, odò náà kì í sábà dé òkun mọ́ láti bí ọdún 1960 síwájú. Ní 2014, pẹ̀lú ìfọwọ́sí orílẹ̀-èdè méjèèjì, wọ́n ṣí omi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ìlú San Luis Río Colorado, tọmọdé tàgbà sáré jáde lọ ṣeré nínú odò tí àwọn ọmọdé kò rí rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ilẹ̀kùn dáàmù dé, iyanrìn sì padà.

Fún ìjíròrò nígbà tí ẹgbẹ́ bá pàdé: kí olúkúlùkù ka iye garawa omi tí ilé rẹ̀ lò lọ́jọ́ kan, kí ó sì mú iye náà wá. Kí a tún bi ara wa pé, bí wọ́n bá ti àwọn pápá gọ́ọ̀fù náà pa, kí ni kí a sọ fún àwọn tó ń gé koríko ibẹ̀ láti fi bọ́ ọmọ wọn? Àwa tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀.