Oògùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ara Tó Ń Roni

Ẹ̀yin tí dókítà ní kí ẹ máa lo oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: atorvastatine, simvastatine, rosuvastatine, “statine” ló máa ń gbẹ̀yìn orúkọ wọn. Oògùn gidi ni, kì í jẹ́ kí ọ̀rá dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọkàn àti ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ó máa ń mú kí iṣan ara ro èèyàn. Àgbẹ̀ wo wá ni ara kì í ro? Ẹni tó kọ ebè iṣu láàárọ̀, ọkọ́ ló máa dá lẹ́bi lálẹ́. Ẹ jẹ́ ká fura o. Ìrora iṣẹ́, ibi tá a lò ló máa ń wà, tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ó ti lọ. Ti oògùn sábà máa ń mú itan méjèèjì tàbí èjìká méjèèjì, a lè má tíì gbé ọkọ́ rárá, kò sì ní tètè lọ. Ẹ fura jù tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la ni kí iṣan máa ro yín gan-an, kí ìtọ̀ yín sì dúdú bí Coca. Iṣan ló ń bàjẹ́ yẹn, ohun tó ń tú jáde nínú rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń pani. Òun ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ Bayer kó cerivastatine kúrò lọ́jà lóṣù kẹjọ ọdún 2001. Ẹ má gbé oògùn náà mì mọ́, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an! Tí ẹyinjú bá pọ́n bí epo, ẹ̀dọ̀ ni, ẹ tètè lọ.

Ẹ má sì lọ ra hóró oògùn ara ríro lọ́jà láti fi lé e. Òmíràn nínú wọn ń ba kíndìnrín jẹ́ pẹ̀lú. Bákan náà, clarithromycine àti érythromycine lè mú kí statine pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé lọ́dún 2017 ni ọlọ́pàá ya wọ ọjà Adjégounlè ní Kútọnu, tí wọ́n kó oògùn ibẹ̀?

Obìnrin tó lóyún, kó tètè sọ fún dókítà.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, ẹ kó o sínú àpò kan, ẹ gbé e dání.