Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́: Bí A Ṣe Lè Kan Pẹpẹ Ìsáwèé fún Iṣẹ́ Skríìnì ní Sabon Gari, Kánò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a gún iyán nínú odó, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀kọ́ wa tòní mu. Pẹpẹ onírin tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ń lò wọ́n ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ayùn, òòlù àti ìṣó lè ṣe èyí tí yóò gbé iṣẹ́ wa dé èbúté.

Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kánò ní ọdún 1911, tí a sì tẹ Sabon Gari dó fún àwọn àlejò láti Gúúsù, ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣe ọ̀wọ̀ ní àdúgbò yìí. Ìjọ ń fẹ́ kàlẹ́ńdà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń fẹ́ fìlà àti báàgì, àwọn olóyè ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ pósítà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ skríìnì kò ní ṣàì rí owó ìwé rà. Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kì í ṣe títẹ̀ rẹ̀, bí kò ṣe ibi tí a ó sá a sí.

ÌṢÒRO NÁÀ
Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 10, kò lè gba ìwé A3 tó 90 nílẹ̀, bí a tilẹ̀ tò wọ́n mọ́ra pẹ́kípẹ́kí láìṣẹ́ àyè ẹsẹ̀ kù. Bí oníbàárà bá wá gbé iṣẹ́ pósítà 200 aláwọ̀ méjì wá, ìgbà 400 ni a óò sá ìwé. Níbo ni a fẹ́ dúró sí? Bí a bá sì to èyí tó tutù léra, wọn yóò lẹ̀ mọ́ra, owó ìwé àti yíǹkì yóò wọgbó, orúkọ wa yóò sì bàjẹ́ lójú oníbàárà.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí ìyá wa ń sá èlùbọ́ ti mọ ìdáhùn. Ohun tí a ń sá gbọ́dọ̀ tẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà gbà.

ÀTẸ MÉLÒÓ NI Ó TÓ?
Kí a tó ra pákó, ẹ jẹ́ kí á mọ iye tí a nílò, kí owó má baà ṣòfò. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú tí títẹ̀ ìwé kan ń gbà pín iye ìṣẹ́jú tí yíǹkì fi ń gbẹ. Èsì rẹ̀ ni iye ìwé tí pẹpẹ gbọ́dọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ń tẹ ìwé kan ní ìṣẹ́jú kan, tí yíǹkì sì ń gbẹ ní ìṣẹ́jú 20 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àyè 20 tó. Ṣùgbọ́n bí òjò oṣù Kẹjọ bá dé, tí yíǹkì kan náà ń lo wákàtí kan, àyè 60 ni a ó wá. Ìgbà tó le jù ni kí a kan pẹpẹ dè.

Àtẹ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó sì fẹ̀ ní 2, ń gba ìwé A3 mẹ́rin. Nítorí náà, àtẹ 20 yóò gba 80. Ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ gbà kò ju ti àtẹ kan ṣoṣo lọ.

OHUN ÈLÒ
1. Pákó íǹṣì 2 sí 2, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12: mẹ́rin.
2. Pákó íǹṣì 1 sí 1, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12: 27.
3. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4: yáàdì 14.
4. Ìṣó ńlá àti kékeré, ayùn, òòlù, tépù ìwọ̀n.

BÍ A Ó ṢE KÀN ÁN
Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gé òpó mẹ́rin láti inú méjì nínú pákó ńlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Ẹ sàmì sí òpó kọ̀ọ̀kan: àmì kìíní ní íǹṣì 8 sókè láti ilẹ̀, lẹ́yìn náà ní íǹṣì 2½ síra wọn títí yóò fi pé 20. Ẹ to òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí ẹ sàmì sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àmì kò bá dọ́gba, àtẹ yóò máa há.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gé igi kékeré 40 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ kan 20 mọ́ òpó méjì níbi àmì, bí àkàbà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí òpó méjì yòókù. Ẹ gbé àkàbà méjèèjì dúró, kí igi kékeré kọjú síra wọn, kí àyè àárín òpó sí òpó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ìlàjì íǹṣì. Ẹ fi pákó ńlá méjì tó kù dè wọ́n lókè àti nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ fi èyí tó ṣẹ́ kù kan ìdábùú gẹ̀gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, kí pẹpẹ má baà máa mì.

Pákó kékeré kan ń ṣe férémù àtẹ kan. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì sí òkè rẹ̀, kí ẹ fà á le dáadáa. Bí ó bá dẹ̀, ìwé yóò rọ̀ sí àárín. Àtẹ yóò máa wọlé, yóò máa jáde bíi ti dúrọ́ọ̀.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé sí i, kí ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ bá ń tì wọlé lè já eruku sórí èyí tó tutù nísàlẹ̀.

ỌYẸ́ ÀTI ERUKU
Ní Kánò, ọyẹ́ ń gbẹ yíǹkì kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń kó eruku bá a. Àríwá ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń wá. Nítorí náà, ẹ ta aṣọ fèrèsé àtijọ́ sí ìhà mẹ́ta pẹpẹ, kí ojú tó ṣí kọ sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ẹ má gbé fáànù kọjú sí iṣẹ́ tútù. Ọyẹ́ tún ń mú kí ìwé sún kì. Bí ó bá sún kì láàárín àwọ̀ kìíní àti ìkejì, àwọ̀ méjèèjì kò ní pàdé. Ẹ tú ìwé sílẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú títẹ̀.

ÌKÌLỌ̀
Yíǹkì tí a ń pè ní plastisol, tí a fi ń tẹ aṣọ, kì í gbẹ lórí pẹpẹ rárá, àní bó lo ọ̀sẹ̀ kan. Ooru bíi 160°C ló ń mú un gbẹ. Yíǹkì olómi ní tirẹ̀ ń gbẹ lórí pẹpẹ, lẹ́yìn náà ni a ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ kí ó má baà ṣí nígbà tí a bá fọ̀ ọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti iná. Èéfín tínà àti bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rọ́ sí, ojú kò sì rí i. Ìdí nìyí tí a fi gbé àtẹ ìsàlẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní íǹṣì 8, kí atẹ́gùn lè gbé e jáde. Àbẹ́là, sítóòfù, áyọ́ọ̀nù àti jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, iná jó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Sabon Gari. Ohun tí ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ lè di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra.

ÌDÁNRAWÒ
Bí títẹ̀ báàgì kan bá ń gba ìṣẹ́jú 2, tí yíǹkì ń gbẹ ní wákàtí kan, tí àtẹ kan sì ń gba báàgì mẹ́rin, àtẹ mélòó ni ó tó? Ẹni tó bá rí 8 ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí yé. Kí ó gbé tépù, kí ó lọ bá onípákó.