Ọwọ́ Tó Ń Lù, Ọwọ́ Tó Ń Ṣọ́

Olùfẹ́, agbára láti rí nǹkan gbà yàtọ̀ sí ọgbọ́n láti ṣọ́ ọ. Wo Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá. Ìjà 22 ló kọ́kọ́ jà, ó borí gbogbo rẹ̀. Nínú 21, alátakò rẹ̀ kò lè ja ìjà náà parí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2019, ó pàdé Andy Ruiz ní New York. Ní ìpele kẹta, Joshua lù ú bolẹ̀. Ó sáré wọlé láti parí iṣẹ́, kò bo orí dáadáa, ẹ̀ṣẹ́ Ruiz sì bà á. Kí ìpele keje tó parí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Joshua ti ṣubú. Bẹ́lítì lọ.

Ìwọ ńkọ́? O lè mọ kòkó gbìn ju gbogbo Ìbòkun lọ. Bí owó rẹ̀ bá dé lónìí, tí àríyá gbé e lọ lọ́la, kí lo fẹ́ sọ nígbà tí wọ́n bá lé ọmọ rẹ wálé nítorí owó ilé-ìwé? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù. Joshua padà lọ kọ́ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún náà, ní Saudi Arabia, ó ń lù, ó ń yẹ̀, fún ìpele 12. Kò lu Ruiz bolẹ̀ rárá, síbẹ̀ adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fún un ní ìjà náà.

Iṣẹ́ òní: Kọ ohun kan tí o mọ bí a ṣe ń rí, tí o kò mọ bí a ṣe ń ṣọ́, sílẹ̀. Kí o tó jáde nílé, yan ẹni tí yóò bá ọ ṣọ́ ọ.