Lẹ́yìn Ìwé Mẹ́wàá, Kì Í Ṣe Yunifásítì Nìkan



  Ẹ̀kọ́ wa dá lórí ìbéèrè tí àwọn àbúrò wa máa ń gbé wá bá wa nígbàkúùgbà tí èsì WAEC bá jáde: kí ni ó kàn? Ìbéèrè náà dára. Ohun tí kò dára ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti ní ìdáhùn kan ṣoṣo lọ́kàn kí wọ́n tó béèrè. Yunifásítì ni. Bí yunifásítì kò bá gbà wọ́n lọ́dún yìí, wọn a jókòó sílé de ọdún tí ń bọ̀. Bí ti ọdún tí ń bọ̀ kò bá tún bọ́ sí i, wọn a tún jókòó. A mọ àwọn tí wọ́n ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí wọn kò kọ́ ohunkóhun mìíràn láàárín rẹ̀. A kò bá wọn wí pé wọn kò yege. Ìjókòó yẹn ni a ń bá wọn wí sí.

Ọdún 1978 ni ìjọba dá JAMB sílẹ̀. Láti ọdún 2010 ni ìdánwò rẹ̀ kan, UTME, ti di àbáwọlé sí yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣe àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ papọ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. 400 ni gbogbo máàkì rẹ̀, ọdún kan péré ni èsì rẹ̀ sì wúlò fún. Láti ọdún 2015 ni ó ti di orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, kí ó lọ kọ́ ọ kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, nítorí aago ibẹ̀ kì í dúró de ẹni tí ń wá lẹ́tà kiri. Ṣùgbọ́n máàkì JAMB nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń wọlé. Kírẹ́díìtì márùn-ún tí ó bá ẹ̀kọ́ náà mu ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè. A ti rí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì tí kò forúkọ sílẹ̀ fún físíìsì rárá, tí ẹnikẹ́ni kò sì kìlọ̀ fún un láti kíláàsì kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ọmọ méjì jáde ní ọmọ ọdún 17 pẹ̀lú èsì kan náà, àwọn méjèèjì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, máàkì JAMB wọn kò sì gbé wọn dé ibẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ jókòó, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta àti lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wọlé ní ọmọ ọdún 20, ó lo ọdún mẹ́rin, ó jáde ní ọmọ ọdún 24. Ẹnì kejì gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ lọ, ó fi ọdún mẹ́ta gba NCE, ó pé ọmọ ọdún 20. Ó gba ọ̀nà Direct Entry bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì, ó lo ọdún mẹ́ta, ó jáde ní ọmọ ọdún 23. Ó fi ọdún kan ṣáájú, ìwé ẹ̀rí méjì ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá bá ṣàìsàn tí owó sì tán lágbedeméjì, ẹnì kejì yìí ti lè dúró níwájú àwọn ọmọ ní kíláàsì kí ó máa gba owó oṣù. Kí ni ẹni àkọ́kọ́ yóò mú dání? A kò tíì ka ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì mọ́ ọn, èyí tí ti ọdún 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ.

Àmọ́ ẹ kíyè sí èyí: NCE kì í bo àléébù WAEC. Bí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Ìṣirò bá ṣì kù, yunifásítì yóò tún béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ bá wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí, àti JUPEB, náà ń gbé ènìyàn wọ ọdún kejì, ṣùgbọ́n owó wọn pọ̀, ayédèrú ibùdó wọn kò sì níye. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí bóyá orúkọ ibùdó náà wà nínú ìwé àwọn tó ń darí ìdánwò náà.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣe, àwọn òbí kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àjẹkù ni. Yaba College of Technology ti wà láti ọdún 1947, kí yunifásítì ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ọdún méjì ni fún ND, ọdún kan fún ìmọ̀ṣẹ́ níbi iṣẹ́, ọdún méjì mìíràn fún HND, ẹni tí ó bá sì gba HND ń lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ bí ti yunifásítì. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ojú kejì wo HND nínú iṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ní in sì ti jà fún un títí. Ẹni tí ó bá ń lé ipò nílé iṣẹ́ ìjọba, kí ó fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé, bí a ṣe ń yẹ oògùn wò, bí a ṣe ń ka ìwé owó, kò sí ohun tí ó ń lé e sá níbẹ̀.

A wá dé ibi tí ìtìjú pọ̀ sí jù, iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá tí ó fi iṣẹ́ télọ̀ rán ọmọ mẹ́fà nílé ìwé ni yóò dìde pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ di télọ̀. Níbo ni a ti kọ́ èyí? Àlùkùránì fi yé wa pé Ọlọ́hun rọ irin fún Ànábì Dáúdà kí ó lè fi rọ ẹ̀wù ogun, ọba sì ni. Hádíìsì sọ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni Ànábì Sàkáríyà. Imam Abu Hanifa ń ta aṣọ. Àáfà ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní al-Qaffal al-Marwazi, tí ó kú ní ọdún 417 lẹ́yìn Híjírà. Ẹni tí ń ṣe àgádágodo ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe nìyẹn. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jókòó ti ìmọ̀ ẹ̀sìn, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ní ojú ọ̀nà Imam Shafi'i. Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ kọ́ kò dí i lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé ọmọ fún ọ̀gá pẹ̀lú ẹnu lásán. Ẹsẹ̀ tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, Súrà Bàkárà ẹsẹ̀ 282, orí kíkọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé, àdéhùn iṣẹ́ kò sì kéré sí i. Ẹ kọ iye ọdún, iye owó, àti ohun tí ọ̀gá yóò ṣe lọ́jọ́ fíríídọ̀mù. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ yóò máa kí ìrun lásìkò, àti pé yóò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá ń pè ní ọ̀lẹ nígbà tí ó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí obìnrin bá ni, ẹ béèrè ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àti wákàtí tí wọ́n ń tì í. Lẹ́yìn fíríídọ̀mù, kí ọmọ ṣe Trade Test ti ìjọba àpapọ̀, nítorí ilé iṣẹ́ ńlá kì í ka fọ́tò ayẹyẹ sí ìwé ẹ̀rí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba náà wà, tí NABTEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ń ṣe ìdánwò fún. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé ènìyàn wọ ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣe.

Ẹ̀yin arábìnrin, a kò gbàgbé yín, bí àwọn bàbá kan tilẹ̀ ń sọ pé ilé ọkọ ló kù fún yín. Al-Shifa ọmọ Abdullah ni ó kọ́ Hafsa, aya Ànábì, ní ìwé kíkọ. Rufaydah al-Aslamiyyah ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú àgọ́ tí wọ́n pa fún un ní mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mẹ̀dínà. Nílé ìwòsàn lónìí, Mùsùlùmí a máa bínú bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ló fẹ́ gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin yẹn kan náà ni yóò sì sọ pé ọmọ òun obìnrin kò gbọdọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ta ni yóò wá gbẹ̀bí náà?

Àwọn tí wọ́n jáde ní ilé kéwú ńkọ́? Láti ìgbà tí Sheikh Adam al-Ilori ti dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, kí ó tó kó o lọ sí Agége ní 1955, ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń mú àáfà jáde. Ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà ní yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin. Àmọ́ ẹni tí kò ní Gẹ̀ẹ́sì yóò bá ilẹ̀kùn náà ní títì, bí ó tilẹ̀ há Àlùkùránì sórí. Kí ó forúkọ sílẹ̀ fún WAEC tàbí NECO kí ó tó jáde ní ilé kéwú.

Lórí owó, òfin NELFUND ti ọdún 2024 ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láìsí èlé. Ìbẹ̀rù ríbà tí àwọn kan ń béèrè lọ́wọ́ wa kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ni, sísan ni a ó sì san án. Ẹ má gbà ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ẹ má sì fi owó yẹn, tàbí owó kankan, ra ìdáhùn ìdánwò níbi tí wọ́n ń pè ní miracle centre. Hàráàmù ni, ìwé ẹ̀rí tí a bá fi gbà yóò sì máa bá wa jẹun títí a ó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni tí Ìṣirò nìkan bá kù fún, NECO ti ìparí ọdún àti WAEC ti aládàáni ṣì wà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń gba èsì méjì pọ̀. Kí ó bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí náà, kí ó máa kọ́ṣẹ́ láàárọ̀, kí ó máa ka Ìṣirò lálẹ́. Lọ́jọ́ tí a bá ṣe ìpàdé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ẹ kó èsì yín wá, kí ẹ sì mú òbí dání bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí òbí gan-an ni a máa ń bá sọ̀rọ̀ pẹ́ jù.