Ṣé Ogún Ni Agbára?



  Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí wá láti inú ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa kan ní Ayétòrò-Èkìtì bi wá lẹ́yìn Àsàlátù. Wọ́n ń ṣe eré kan lórí kọ̀ǹpútà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Crusader Kings. Nínú eré náà, kì í ṣe ọba kan ni ènìyàn ń ṣe, ìdílé ni. Bí ọba bá kú, arólé rẹ̀ ni ẹ ó máa bá eré lọ. Bí kò bá sí arólé mọ́ nínú ìdílé náà, eré parí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ borí a máa fa ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọmọ ọba ìlú kejì nítorí ilẹ̀, a sì máa wá ọ̀nà láti dín àwọn tí wọ́n jọ ń du oyè kù. Wọ́n wá bi wá pé: ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni agbára ṣe rí láyé, kí sì ni ẹ̀sìn wí sí i?

A kò ní fi ojú ìwé wa ṣe ẹjọ́ eré. Bí ó bá ti ń gba àkókò ìrun mọ́ ẹni lọ́wọ́, oníkálukú mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe. Ìbéèrè kejì ló wúwo, nítorí nǹkan tó wà nínú eré náà ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ gidi ló sì ta sílẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àṣà kan wà pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a kú. Ó le létí, ṣùgbọ́n ó nídìí: ọmọ tó mọ̀ pé òun ló kàn lè má ní sùúrù títí ọjọ́ bàbá òun yóò fi pé. Aláàfin Àtìbà ló pa àṣà náà dà, tó ní kí Adélù, Àrẹ̀mọ òun, jọba lẹ́yìn òun. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Ìbàdàn gba Adélù lọ́ba. Ṣùgbọ́n Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, ó ní kò bá àṣà mu. Ìdíje ti wà láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ arólé ló wá ṣí ilẹ̀kùn fún ogun. Ní 1862, Ìjàyè tú.

Ẹ wá fi èyí wé ti àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun papò dà ní 632, àwọn sàhábé jókòó, wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì yan Abubakri. Abubakri náà kò fi ipò sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Umaru ló fà kalẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà. Nígbà tí wọ́n gún Umaru lọ́bẹ ní 644, ó dárúkọ ènìyàn mẹ́fà, ó ní kí wọ́n yan ọ̀kan nínú ara wọn. Ó ní kí Abdullahi, ọmọ òun, wà níbẹ̀ fún ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò ní ìpín nínú ipò náà. Ẹ kíyè sí i pé Abdullahi kì í ṣe ọmọkọ́mọ. Onímọ̀ ni, olùbẹ̀rù Ọlọ́hun sì ni. Ó kúnjú òṣùwọ̀n, síbẹ̀ bàbá rẹ̀ kò gbà.

Muawiyah ló yí i padà. Kí ó tó kú ní 680, ó ti ní kí àwọn ènìyàn ṣe àdéhùn ìtẹ̀lé fún Yazidu, ọmọ rẹ̀. Husaini ọmọ Aliyu àti Abdullahi ọmọ Zubairu wà lára àwọn tó kọ̀. Ọdún náà gan-an ni wọ́n pa Husaini, ọmọ-ọmọ Ànábì, ní Karbala. Àwọn onímọ̀ kan ní ìjà ni Muawiyah ń sá fún, kí ìlú má baà tún dàrú lẹ́yìn òun. Ọlọ́hun ló mọ inú. Ohun tí àwa rí ni pé láti ìgbà náà ni ipò kálífà ti di ogún, títí ilé Umayya fi ṣubú ní 750 tí ilé Abbas sì gbà á. Òótọ́ ni pé nínú ilé Umayya yìí kan náà ni Umaru ọmọ Abdulaziz ti jáde ní 717. Ìbátan rẹ̀ ló fà á kalẹ̀. Ó gun mínbárì, ó dá àdéhùn náà padà fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yan ẹni tó wù wọ́n, àwọn ni wọ́n ní òun ni àwọn fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹbí ni ẹ̀ṣẹ̀. Àna Ànábì ni kálífà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́: Abubakri àti Umaru fún un ní ọmọ, Usmanu àti Aliyu fẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ Juwairiyah, àwọn sàhábé dá ọgọ́rùn-ún agbo ilé sílẹ̀ lóko ẹrú nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti di àna Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ mọ̀ pé ẹ kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń ra oyè. Bàbá Khansa fa Khansa fún ọkọ láìjẹ́ pé ó fẹ́ ẹ. Ó gbé ẹjọ́ lọ bá Ànábì, Ànábì sì tú ìgbéyàwó náà ká.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní Kwara, ìtòsí wa níbí, Olóyè Olúṣọlá Sàràkí ṣe olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1979 sí 1983. Láti 2003 sí 2011, Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀ ni gómìnà, Gbémisọ́lá ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ní 2011, bàbá fẹ́ kí obìnrin ṣe gómìnà, ọkùnrin ní ẹlòmíràn lòun ń tì lẹ́yìn. Bàbá àti ọmọ wọ inú ìbò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ọmọ tì lẹ́yìn ló wọlé. Nígbà tó di 2019, àwọn ará ìlú pariwo pé ó tó gẹ́, Bùkọ́lá sì pàdánù ìjókòó rẹ̀. A kò sọ pé ilé náà kò ṣe oore. Àìmọye ènìyàn ló jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a jẹ lọ́wọ́ ẹni kò sọ pé kí a má bi í léèrè nípa owó ìjọba. Ànábì Ibrahim pàápàá tọrọ ipò aṣíwájú fún àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, Ọlọ́hun sì jẹ́ kó mọ̀ pé àdéhùn Òun kò kan àwọn alábòsí inú wọn (Súratul Bákárà, áyà 124).

Ó ku ibi tó sún mọ́ wa jù, tí a kì í fẹ́ sọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, oyè Ìmáàmù ti di ti ìdílé bí oyè ọba. Bí Ìmáàmù bá kú, ìjà á bẹ́, nígbà mìíràn ó ń dé kóòtù, wọ́n á ti mọ́ṣáláṣí pa. Ọmọ ọba ń jọba nílẹ̀ Èkìtì, àṣà ilẹ̀ ni, àwọn afọbajẹ sì wà tí wọ́n ń yàn láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ìrun kì í ṣe ohun ìní ilé kankan. Bí ọmọ Ìmáàmù bá kéwú ju gbogbo wa lọ, kí ó wá síwájú, a ó tò sẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nílé kéwú ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín kò ní oyè kankan. Salim, ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, ló ń ṣe Ìmáàmù fún àwọn Muhájírúùn ní Quba, Umaru sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú sáfù. Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ni Amru ọmọ Salamah nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi í síwájú, nítorí òun ló mọ Alùkùránì jù láàárín wọn. Aṣọ tó wọ̀ kúrú débi pé bí ó bá forí kanlẹ̀, ìdí rẹ̀ ń hàn. Obìnrin kan ní kí wọ́n bo ìdí Ìmáàmù wọn. Wọ́n ra aṣọ, wọ́n rán ẹ̀wù fún un, Amru sì sọ nígbà tó dàgbà pé kò sí ohun tó dùn mọ́ òun tó ẹ̀wù náà.