Ìtumọ̀ ‘Show’, ‘Suggest’, ‘Indicate’ àti ‘Prove’ Nínú Yorùbá Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin yìí wọ́pọ̀ nínú ìròyìn sáyẹ́ǹsì. ‘Fi hàn’ nìkan ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ fi ń túmọ̀ gbogbo wọn. Èrò wa ni pé èyí kò tọ̀nà, nítorí pé ìdánilójú tí wọ́n gbé kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ìwádìí lórí ibà ṣe àpẹẹrẹ.

(i) Show: ‘fi hàn’. Ní 1880, ní Algeria, Laveran fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ó sì rí kòkòrò ibà. Ohun tí ojú rí nìyí. Awò náà fi hàn pé kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀.

(ii) Suggest: ‘mú kí a rò pé’. Ní 1877, Manson ti rí i pé ẹ̀fọn a máa fa aràn filéríà mu láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní 1894, ó dábàá pé bóyá ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà náà kiri. Àkíyèsí ti ìṣáájú mú kí ó rò bẹ́ẹ̀. Kò tí ì rí i.

(iii) Indicate: ‘tọ́ka sí’. Ní 1897, ní Íńdíà, Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Èyí tọ́ka sí ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n a kò tí ì mọ̀ bóyá ẹ̀fọn lè dá kòkòrò náà padà sára ènìyàn. Bí gbólóhùn bá tẹ̀ lé e, ‘tọ́ka sí i pé’ ni a ó kọ.

(iv) Prove: ‘fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé’. Ní 1900, a kó ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Rome lọ sí London. Wọ́n jẹ ọmọ Manson, ibà sì mú un. A rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí, pẹ̀lú iṣẹ́ Grassi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ní 1898, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀fọn ní ń kó ibà ran ènìyàn.

Ọ̀ràn yìí kọjá ẹwà èdè. Bí ìwé ìlera bá wí pé ìwádìí fi hàn pé oògùn kan ń wo àrùn, nígbà tí olùwádìí kàn ní àbájáde òun mú kí òun rò bẹ́ẹ̀, aláìsàn lè torí rẹ̀ pa oògùn tí ó ń gbà á là tì. Nítorí náà, kí ògbufọ̀ tó kọ ‘fi hàn’, kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé: kí ni olùwádìí fi ojú rí, kí ni ó sì rò?